Ṣokoléètì Aláìlẹ́pà Tí Àtinúkẹ́ Ń Ṣe

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2004, lọ́jọ́ tí ilé-ìwé àwọn ọmọdé fẹ́ gba ìsinmi, ni Àtinúkẹ́ kọ́kọ́ rí i tí ètè ọmọ rẹ̀ wú bí ẹni tí oyin ta. Pamílẹ́rìn kò ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ. Wọ́n ṣe àríyá kékeré fún wọn ní kíláàsì, òbí kan sì pín ṣokoléètì oníhóró tí ó rà bọ̀ láti Kánò fún gbogbo wọn. Ọmọ náà jẹ ẹyọ kan. Kí ó tó dé ẹnu géètì tí ìyá rẹ̀ dúró sí, ojú rẹ̀ ti ń dì, ó sì ń fi èékánná họ ọrùn.

Ó ní, "Mọ́mì, ọ̀fun mi ti kéré."

Àtinúkẹ́ gbé e, ó sáré. Kò rántí ẹni tí ó bá a dá ọ̀kadà dúró. Ìgbà tí wọ́n dé ọsibítù ló tó mọ̀ pé bàtà ẹsẹ̀ kan ni òun wọ̀. Dókítà tí ó gbà wọ́n jẹ́ àgùnbánirọ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú, ojú rẹ̀ ṣì tutù bí ojú ọmọ ilé-ìwé. Ó gún ọmọ náà lábẹ́rẹ́ nítan, ó fi afẹ́fẹ́ bò ó nímú, ó sì dúró tì í títí èémí rẹ̀ fi wálẹ̀. Ìgbà náà ló wá bi ìyá léèrè ohun tí ọmọ jẹ.

"Ṣokoléètì ni, dókítà. Ṣokoléètì lásán."

"Ṣé ẹ̀pà wà nínú rẹ̀?"

"Ó wà nínú rẹ̀. Àbí ẹ̀pà yẹn ni ẹ ń sọ? Ẹ̀pà tí gbogbo ayé ń jẹ?"

"Ẹ̀pà náà ni, mà. Ara ọmọ yín kọ̀ ọ́. Àwọn kan wà tó jẹ́ ẹyin ni ara wọn kọ̀, àwọn kan, wàrà. Ṣé kò ti máa ń sú sí i lára tẹ́lẹ̀?"

Ó ti máa ń sú sí i lára. Ooru ni Àtinúkẹ́ rò pé ó ń fà á, ó sì ti ra páúdà tó pọ̀ sí i lára.

Dókítà ní, "Bó bá tún jẹ ẹ́, ó lè ju báyìí lọ. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó tún jẹ ẹ́ rárá. Bó ti wù kó kéré mọ."

Àtinúkẹ́ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ara ògiri. Ká ní Ilé-Olújì tí wọ́n bí i sí ni wọ́n ti sọ fún un, ì bá rọrùn díẹ̀. Sókótó ni ó wà. Ní Sókótó, ẹ̀pà ni wọ́n ń gún sínú ọbẹ̀, ẹ̀pà wà nínú yájì tí wọ́n ń wọ́n sórí súyà, òróró ẹ̀pà ni wọ́n fi ń dín kòsé, àkàrà tiwọn, ní àárọ̀, kúlíkúlí sì wà lórí àtẹ ní gbogbo ìkóríta. Ó ń wo ọmọ rẹ̀ tó ti sùn, ó ń ka iye ilé tí ọmọ náà ti máa ń wọlé jẹun ní àdúgbò wọn ní Tudun Wada.

Ọdún 2001 ni báńkì gbé ọkọ rẹ̀, Ọlábíyìí, kúrò ní Ìbàdàn wá sí Sókótó. Àtinúkẹ́ náà rí iṣẹ́ tíṣà gbà sí ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin kan, ó ń kọ́ wọn ní oúnjẹ sísè àti ìtọ́jú ilé. Wọ́n gba yàrá méjì àti pálọ̀ ní Tudun Wada, nínú ọgbà kan náà pẹ̀lú obìnrin Ìlọrin kan tó ń jẹ́ Bùsírátù, tí ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì. Àtinúkẹ́ kì í ṣe ẹni tí ń pariwo. Bí nǹkan bá dùn ún, ńṣe ni yóò wá iṣẹ́ fún ọwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ ọsibítù yẹn, ó kó gbogbo ohun tó ní ẹ̀pà nínú jáde nílé, ó fọ ìkòkò, ó fọ ọmọ orógùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í di oúnjẹ fún Pamílẹ́rìn lọ sí ibi gbogbo, títí kan ṣọ́ọ̀ṣì.

Ohun tí kò lè dì fún un ni ayẹyẹ. Bí wọ́n bá pe ọmọ náà síbi ọjọ́ìbí, yóò jókòó ti abọ́ ìrẹsì tirẹ̀, yóò máa wo ẹnu àwọn yòókù. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí wọ́n ń darí bọ̀, ó bi ìyá rẹ̀ pé, "Mọ́mì, kí ni mo fi ṣe ṣokoléètì tó ń bínú sí mi?"

Ìbéèrè náà dá Àtinúkẹ́ dúró lójú ọ̀nà. Oko kókò ni bàbá rẹ̀ fi rán gbogbo wọn níwèé. Òun fúnra rẹ̀ ti fọ́ pódì kókò tí ọwọ́ rẹ̀ fi dúdú, ó ti sá kókò lórí kànkéré, ó ti kó o wọlé nígbà òjò. Síbẹ̀, nínú ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n tó ti lò láyé, kò rí ẹnì kan ní Ilé-Olújì tó fi kókò ṣe ṣokoléètì rí. Wọ́n ń kó o sínú àpò, ọkọ̀ ń gbé e lọ, ó parí. Ó yà á lẹ́nu débi pé ó tẹ àbúrò rẹ̀ láago lójú títì níbẹ̀.

"Felix, ṣé kókò tó gbẹ dáadáa ṣì wà nílé?"

"Kókò kẹ̀? Kí lẹ fẹ́ fi kókò ṣe ní Sókótó, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Mo fẹ́ jẹ ẹ́ ni."

Felix rò pé àwàdà ni. Àmọ́ ó fi ìlàjì àpò rán awakọ̀ kan, ó sì dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin.

Èyí tí Àtinúkẹ́ kọ́kọ́ ṣe korò bí ewúro, ó sì ń dún bí iyanrìn lẹ́nu. Ọlábíyìí tọ́ ọ wò, ó lọ tu ú dànù sẹ́yìn ilé, ó wá padà wá sọ pé ó dára. Àtinúkẹ́ kò dáhùn. Ó ra ẹ̀rọ ìlọta àfọwọ́yí tuntun lọ́jà, èyí tí ẹ̀pà kò kàn rí. Ó ń yan kókò náà lórí iná kékeré, ó ń bó o, ó ń lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹrin, nínú oòrùn Sókótó tí ọkọ rẹ̀ máa ń ráhùn sí, títí ọ̀rá inú kókò fi jáde tí gbogbo rẹ̀ sì ń ṣàn bí òróró. Ó po ṣúgà tó kúnná mọ́ ọn, ó dà á sínú àwọn agolo pẹlẹbẹ, ó gbé e sí fíríìjì. Bí wọ́n bá mú iná lọ, á ra yìnyín, á kó o sí kúlà. Kò fi wàrà sí i, nítorí ọmọ tíṣà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan kò gbọdọ̀ mu wàrà. Èyí tó ṣe lẹ́ẹ̀kẹfà ni Pamílẹ́rìn jẹ tí ó ní kí wọ́n fún òun sí i.

Nígbà tí Pamílẹ́rìn pé ọdún mẹ́fà, ìyá rẹ̀ ṣe é fún gbogbo kíláàsì rẹ̀, ó sì fi ṣúgà funfun kọ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan sórí tirẹ̀. Àwọn ọmọ gbé e lọ sílé láìjẹ ẹ́, wọ́n fẹ́ fi orúkọ wọn han bàbá àti ìyá wọn. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà, obìnrin mẹ́rin wá béèrè bóyá ó lè ṣe irú rẹ̀ fún wọn: ọ̀kan fún ìsọmọlórúkọ, ọ̀kan fún ọ̀gá rẹ̀ tó ń fẹ̀yìn tì, méjì fún Sallah. Bí òwò náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, Àtinúkẹ́ kò pinnu rẹ̀ rárá.

Kò pẹ́ tí àwọn kan fi ní lẹ́tà Lárúbáwá ni àwọn fẹ́ kí orúkọ àwọn jẹ́. Àtinúkẹ́ kò mọ̀ ọ́n kọ. Bùsírátù ló gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ rẹ̀. Láti kékeré ló ti ń kọ Lárúbáwá sórí wàláà nílé bàbá rẹ̀ ní Ìlọrin, ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n, ó sì lè kọ orúkọ gígùn sórí ṣokoléètì tí kò ju ìka mẹ́ta lọ. Láti ìgbà náà ni àwọn méjèèjì ti jọ ń ṣe é. Wọ́n ń ká páálí sí àpótí kékeré, wọ́n sì ń lẹ bébà mọ́ ọn pé: kò sí ẹ̀pà, kò sí wàrà, kò sí ẹyin.

Ní ọdún 2006, Àtinúkẹ́ kíyè sí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kan tí ń jẹ́ Indo, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Bí wọ́n bá jáde fún ìsinmi ọ̀sán, àwọn yòókù á pé lé àwọn alátẹ lórí, Indo á jókòó sábẹ́ igi dóńgóyárò, á máa jẹ dàbínù inú agolo tó gbé wá láti ilé. Ó bi í léèrè ìdí.

Indo ní, "Málámà, n kò gbọdọ̀ jẹ gyàdá. Bí mo bá jẹ gyàdá, èémí mi á gé."

Ẹ̀pà ni Hausa ń pè ní gyàdá. Ọdún méjì ni Àtinúkẹ́ ti rò pé ọmọ òun nìkan ló rí bẹ́ẹ̀ nílùú yìí. Ní ọjọ́ kejì ó mú ṣokoléètì kan wá fún un tí orúkọ rẹ̀ wà lórí rẹ̀. Indo kò jẹ ẹ́. Ó gbé e fún ìyá rẹ̀, ìyá náà sì wá sí ilé-ìwé.

Hájíà Kande ni wọ́n ń pe ìyá náà. Ó ń ta àtàmpà, aṣọ àǹkárá, ní Kofar Marke, ó ga, kì í sì í tètè rẹ́rìn-ín. Hausa ni ó ń sọ, Àtinúkẹ́ sì ti gbọ́ Hausa tó láti dá a lóhùn. Ó bi í ní ìbéèrè bí ọlọ́pàá: ibo ni kókò ti wá, kí ni wọ́n fi lọ̀ ọ́, ta ló fọwọ́ kàn án. Nígbà tó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó bu ṣokoléètì náà sí méjì, ó jẹ ìdajì, ó fún ọmọ rẹ̀ ní ìdajì. Wọ́n jókòó ní ọ́fíìsì fún odidi wákàtí kan, wọ́n ń wo ojú Indo. Nǹkan kan kò ṣe é. Hájíà Kande fi etí ìbòrí nu ojú, ó kí Àtinúkẹ́ pé ó ṣeun, ó sì jáde.

Ní oṣù Kọkànlá ó padà wá. Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin fẹ́ ṣe ìgbéyàwó.

"Málámà, ọ̀ọ́dúnrún ni mo fẹ́. Ẹ kọ orúkọ ọkọ àti ìyàwó sí i. Àwọn àlejò lè jẹ ohunkóhun, kì í ṣe tìtorí wọn. Mo fẹ́ kí wọ́n gbé àwo kan kọjá nílé mi tí Indo lè nawọ́ mú nínú rẹ̀ bí gbogbo ènìyàn, láìkọ́kọ́ wo ojú mi."

Àtinúkẹ́ gbà. Kò tí ì ṣe tó ọgọ́rùn-ún lẹ́ẹ̀kan rí. Ìdánwò sì ń lọ lọ́wọ́ nílé-ìwé, ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kún orí tábìlì rẹ̀, ẹ̀rọ àfọwọ́yí kò sì lè lọ ìdá kan nínú mẹ́ta kókò náà kí ọjọ́ tó pé. Ó tọ Màmúdù lọ.

Ní ìkóríta Tudun Wada ni ẹ̀rọ Màmúdù wà, ó ń lọ ata àti tòmátò, ó ń lọ gyàdá fún àwọn obìnrin oníkúlíkúlí. Àtinúkẹ́ mọ èyí dáadáa, kò sì fi pamọ́ fún un. Ó ṣàlàyé ohun tí ẹ̀pà ń ṣe. Màmúdù gbọ́, ó mi orí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Tuesday, ó tú irin ìlọta inú ẹ̀rọ náà sílẹ̀, ó fi omi gbígbóná, ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta lójú Àtinúkẹ́. Ó fọ ẹnu ẹ̀rọ, ó fọ ibi tí nǹkan ń gbà jáde. Ó wá ní kí ó máa lọ sílé, pé òun yóò fi aṣọ funfun bò ó, òun kò sì ní lọ nǹkan mìíràn títí yóò fi dé. Ní kùtùkùtù, bí wọ́n ṣe kírun tán, Àtinúkẹ́ gbé kókò rẹ̀ débẹ̀. Aṣọ funfun náà ṣì wà lórí ẹ̀rọ. Òun ni ó kọ́kọ́ lò ó. Òórùn kókò yíyan gba gbogbo àdúgbò kan.

Ọjọ́ Sátidé ni ìgbéyàwó. Àwọn obìnrin kún àgbàlá Hájíà Kande, wọ́n jókòó sórí ẹní láti ògiri dé ògiri, àwọn ọmọbìnrin sì ń gbé àwo ṣokoléètì káàkiri. Àtinúkẹ́ jókòó nítòsí ilẹ̀kùn pẹ̀lú Bùsírátù. Ó rí Indo tí ó nawọ́, tí ó mú ọ̀kan, tí ó sì bá ọmọbìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Kò wo ojú ìyá rẹ̀.

Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Indo dìde, ó fi ọwọ́ kan ọ̀fun, ó sì tún jókòó. Ètè rẹ̀ ti ń yí padà.

Àtinúkẹ́ rí i. Ó mọ ohun tí ó ń rí, síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ kọ̀ ọ́. Ó ń sọ nínú ara rẹ̀ pé kò lè jẹ́ ìyẹn, pé bóyá ooru ni, pé òun ni òun ṣe é. Bùsírátù ló gbá a léjìká tí ó fi dìde. Wọ́n gbé ọmọ náà sínú mọ́tò àwọn ará ọkọ ìyàwó. Ní ọsibítù, abẹ́rẹ́ kan kò tó, wọ́n fún un ní èkejì. Hájíà Kande dúró lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú làálì lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí nọ́ọ̀sì wá sọ pé èémí ọmọ ti ń padà bọ̀, ó yíjú sí Àtinúkẹ́.

Ó ní, "Málámà, ẹ ní kò sí i."

Ó tún yíjú padà sí ọmọ rẹ̀.

Ìgbà náà ni Àtinúkẹ́ rántí. Ṣokoléètì méjì kan fọ́ nígbà tí wọ́n ń kó wọn sí páálí, ó sì ti gbé wọn sórí àwo nínú fíríìjì fún Pamílẹ́rìn. Ó tẹ ọkọ rẹ̀ láago, kò wọlé. Ó tún un tẹ̀, obìnrin inú fóònù ń sọ pé kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ó jáde, ó gun ọ̀kadà. Nígbà tó wọlé, àwo náà wà lórí tábìlì, kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀. Pamílẹ́rìn nà gbalaja lórí àga, ojú rẹ̀ dì. Àtinúkẹ́ kúnlẹ̀ tì í, ó fi etí sí imú rẹ̀. Ó ń mí dáadáa. Ó ń sùn ni.

Ọlábíyìí jáde láti yàrá, ó ní, "Má bínú, Ìyá Pamílẹ́rìn. Èmi ni mo jẹ ẹ́. Ebi ló ń pa mí."

Ó wo ìyàwó rẹ̀ tí ó ń sunkún lórí ilẹ̀ nítorí ṣokoléètì méjì, kò sì yé e títí ó fi sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

Ní ọjọ́ kejì, Àtinúkẹ́ kò lè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó jókòó, ó ń ro ó láti ìbẹ̀rẹ̀: kókò láti ọwọ́ Felix, ṣúgà, agolo, fíríìjì, ẹ̀rọ tí wọ́n fọ̀ lójú òun. Kò rí ibi tí ẹ̀pà gbà wọlé, àfi ọwọ́ kan tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó dìde, ó lọ kan ilẹ̀kùn Bùsírátù.

"Ìyá Mọ́ríà, ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ tí ẹ ń kọ orúkọ yẹn, ṣé ẹ kò dín nǹkan kí ẹ tó wá? Ṣé kò sí òróró lọ́wọ́ yín?"

Bùsírátù ní, "Ìyá Pamílẹ́rìn, ó ti lé lọ́dún kan tí òróró ẹ̀pà ti wọ ilé mi kẹ́yìn. Epo pupa ni mo fi ń dín gbogbo nǹkan. Nítorí ọmọ yín ni, kó lè máa wọlé bá àwọn ọmọ mi ṣeré. Ẹ kò mọ̀?"

Àtinúkẹ́ kò mọ̀. Ojoojúmọ́ ni Pamílẹ́rìn ń wọ ilé náà tí ó ń jáde, òun kò sì fi ọjọ́ kan bi ara rẹ̀ léèrè ìdí tí nǹkan kan kò fi ṣe é. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n Bùsírátù ti rọra pa ilẹ̀kùn.

Ní àárọ̀ Monday ó lọ bá Màmúdù. Kò lọ fẹ̀sùn kàn án. Ó kàn fẹ́ kí ó tún ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà sọ, láti ìgbà tí òun ti kúrò níbẹ̀ títí di àárọ̀.

Màmúdù ní, "Bí ẹ ṣe lọ ni mo nu irin náà gbẹ. Mo tò ó padà. Mo fi òróró díẹ̀ pa á. Mo fi aṣọ bò ó."

"Òróró?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta la fi omi fọ irin yẹn, Málámà. Bí mi ò bá fi òróró pa á, á ti dógùn-ún kílẹ̀ tó mọ́, ògùn-ún á sì wọ inú nǹkan yín. N kò fẹ́ kí ó bàjẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́."

"Òróró wo ni, Màmúdù?"

"Òróró gyàdá ni. Èyí tó mọ́, tí ìyá mi fọwọ́ ara rẹ̀ fún." Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, inú rẹ̀ dùn sí iṣẹ́ tó ṣe. Ó rí ojú Àtinúkẹ́, ẹ̀rín náà sì kúrò. "Ṣé òróró náà ni? N kò da gyàdá sí i, Málámà. Òróró lásán ni."

Àtinúkẹ́ jókòó sórí àpò ọkà tí oníbàárà kan gbé kalẹ̀. Ó ti ṣàlàyé ẹ̀pà, ó ti ṣàlàyé kúlíkúlí, kò wá sí i lọ́kàn kí ó dárúkọ òróró. Ọkùnrin náà ti ṣe gbogbo ohun tí ó ní kí ó ṣe, ó sì fi inúure tirẹ̀ lé e. Ó bi Àtinúkẹ́ pé ta ló jẹ ẹ́. Nígbà tó gbọ́, ó pa ẹ̀rọ, ó dá àwọn oníbàárà padà, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ọlábíyìí kò fẹ́ kí ó lọ sọ fún Hájíà Kande. Ó ní, "Ọmọ ti yè. Ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tó ti wá. Bí o bá lọ fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́, wọ́n lè gbé ọ̀rọ̀ náà dé àgọ́ ọlọ́pàá. Àjèjì ni wá níbí."

Àtinúkẹ́ ní, "Èmi mọ ibi tó ti wá. Ìyẹn ti tó."

Ó lọ sí Kofar Marke ní ìrọ̀lẹ́. Màmúdù ní òun kò ní jẹ́ kí ó dá lọ, ó sì tẹ̀ lé e. Wọ́n jókòó ní sọ́ọ̀bù láàárín àwọn ìdì àtàmpà, Àtinúkẹ́ sọ gbogbo rẹ̀, kò fi ẹ̀bi náà sórí Màmúdù. Ó ní òun ni òun ṣèlérí, òun ni òun gbé kókò kúrò nílé, òun ni òun kò béèrè. Indo wà níbẹ̀, ojú rẹ̀ ṣì wú díẹ̀. Ìyá rẹ̀ jẹ́ kí ó gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Hájíà Kande ní, "Ọdún mẹ́rìnlá. Àbúrò mi fún un jẹ, ó ní díẹ̀ ni. Ìyá ọkọ mi fún un jẹ, ó ní a ń ṣagídí ni. Tíṣà kan fún un jẹ, ó sẹ́. Ìgbàkígbà tó bá ṣẹlẹ̀, èmi nìkan ni mo máa ń wádìí bí ó ṣe ṣẹlẹ̀. Ẹnì kan kò padà wá sọ fún mi rí." Ó na ọwọ́ sí ìdì aṣọ kan, ó tò ó dáadáa. "Mo ti gbọ́. Ẹ máa lọ sílé."

Àtinúkẹ́ kò mọ̀ bóyá ìdáríjì nìyẹn tàbí ìlékúrò. Ó dúró lójú ọ̀nà níta fún ìgbà díẹ̀, Màmúdù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Nígbà tó délé, ó kúnlẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà Bùsírátù. Bùsírátù ní kí ó dìde, pé àwọn ènìyàn ń wò wọ́n. Ó ní, "Ó dùn mí, Ìyá Pamílẹ́rìn. N kò ní parọ́ fún yín. Ẹ jẹ́ kí ó pẹ́ díẹ̀." Ó tó oṣù kan kí wọ́n tó tún lè jọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà bí ti tẹ́lẹ̀. Ní gbogbo ìgbà yẹn, Pamílẹ́rìn ń wọlé ń jáde níbẹ̀, kò mọ nǹkan kan.

Àtinúkẹ́ kó àwọn agolo rẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè, á ní òun kò ṣe é mọ́. Ìyókù kókò Felix wà nínú àpò, ó ń lò ó láti fi po tíì fún ọkọ rẹ̀.

Oṣù Kẹta ọdún 2007 ni ọkùnrin kan wá bá a ní ilé-ìwé. Ó ní Wamakko ni òun ti wá, àgbẹ̀ alálùbọ́sà ni òun. Eruku oko wà lára bàtà rẹ̀. Ó ní ọmọ òun ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́rin, ni dókítà sọ pé kò gbọdọ̀ jẹ ẹ̀pà àti ẹyin, àti pé wọ́n fẹ́ sọ àbúrò ọmọ náà lórúkọ lọ́jọ́ Friday.

"N kò ṣe é mọ́, Málàmù. Ẹ má bínú."

"Wọ́n ti sọ fún mi pé ẹ ó sọ bẹ́ẹ̀."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Hájíà Kande aláṣọ, ti Kofar Marke. Ó ní ẹ ti ṣe àṣìṣe kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí ọmọ òun. Ó ní ẹ̀yin nìkan lẹ mọ ibi tí àṣìṣe náà ti wọlé, nítorí náà kí n má lọ bá ẹlòmíràn."

Àtinúkẹ́ ní kí ó tún un sọ. Hausa rẹ̀ kò burú mọ́, àmọ́ ó rò pé òun ṣì í gbọ́. Ọkùnrin náà tún un sọ, ọ̀rọ̀ kan kò yàtọ̀. Àtinúkẹ́ di etí tábìlì mú.

Ó wá fa ìwé kan mọ́ra, ó ní, "Ẹ jókòó. Yàtọ̀ sí ẹ̀pà àti ẹyin, kí ló tún wà? Ẹ má fo nǹkan kan. Irú òróró wo ni ẹ ń lò nílé?"

Ogójì ni òun àti Bùsírátù ṣe fún ọkùnrin náà, àfọwọ́yí ni wọ́n sì lọ gbogbo rẹ̀. Láti ìgbà náà, wọn kò gba ju ogójì lọ lọ́sẹ̀ kan, ẹni yòówù kó wá bẹ̀ wọ́n. Wọ́n dá àwọn olówó padà, wọ́n sì pàdánù ìgbéyàwó ńláńlá. Hájíà Kande fúnra rẹ̀ kò ra ọ̀kan mọ́ lọ́wọ́ wọn. Indo máa ń wá ní ọ̀sán Sátidé, á dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, á máa bi wọ́n ní ìbéèrè bí ìyá rẹ̀, wọn kì í sì í bẹ̀rẹ̀ títí wọn yóò fi dá a lóhùn tán.

Ní ọdún 2009 báńkì gbé Ọlábíyìí lọ sí Àkúrẹ́, Àtinúkẹ́ sì fi àwọn agolo àti ìwé tí ó kọ orúkọ àwọn ọmọ tí ara wọn kọ̀ ẹ̀pà tàbí wàrà tàbí ẹyin sí sílẹ̀ fún Bùsírátù. Wọ́n jẹ́ mọ́kànlélógún lórí ìwé náà lọ́jọ́ tí ó kúrò, gbogbo wọn ń gbé Sókótó àti agbègbè rẹ̀. Ó kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó gbà pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe pọ̀ tó.